Ìtàn Rọ́ṣíà ní Ṣọ́ọ̀bù Télọ̀

Ọjọ́ kan wà tí kò lè tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi. Ọ̀la ọjọ́ náà ni mọ̀mí-n-mọ̀ọ́ èmi àti Mọríámọ̀, ní Èjìgbò níbí. Bàbá rẹ̀, Àlàájì tó ti Àbíjàn dé, kì í fi ọ̀rọ̀ aṣọ ṣeré rárá. Ẹni tó kọ́kọ́ wá fẹ́ Mọríámọ̀ wọ aṣọ tó rún wá. Àlàájì ní kó lọ fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ ná, kò sì gbà kó padà wọlé mọ́. Ẹ̀rù tèmi kúkú ni pé aṣọ iṣẹ́ tíṣà nìkan ni mo ní, ṣọ́ọ̀kì sì ti bà á jẹ́. Ni mo bá lọ jókòó ti Bọ̀dá Ràṣídì, télọ̀ mi, bí ológbò tó ń ṣọ́ ẹja. Ẹ mọ àwọn télọ̀. Bí ẹ bá yíjú pẹ́nrẹ́n, aṣọ ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbé sórí ẹ̀rọ.

Kí iṣẹ́ má baà sú u, èmi ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn. Ará Rọ́ṣíà ayé àtijọ́ kan ló kọ ọ́, àgbà òǹkọ̀wé tí ìwé rẹ̀ ńláńlá tó fi ṣe ìrọ̀rí. Mi ò tíì ka ọ̀kan tán nínú àwọn ńlá yẹn, ẹ má sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi o. Àwọn ìtàn rẹ̀ kéékèèké ni agbára mi ká. Nínú èyí tí mo sọ, ọkùnrin kan fẹ́ràn obìnrin àdúgbò rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń kọjá níwájú ilé rẹ̀ nínú òtútù, á ṣí fìlà, á kí i, á sì máa lọ. Kò la ẹnu títí obìnrin náà fi lọ ilé ọkọ.

"Ẹ dúró ná, Tíṣà." Sísọ́ọ̀sì ti dúró lọ́wọ́ Bọ̀dá Ràṣídì. "Kò sọ̀rọ̀? Ṣé ó yadi ni?"

"Kò yadi. Ojú ló ń tì í."

"Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó darúgbó lóun nìkan."

Ká ní mo gbọ́n ni, ǹ bá parọ́ pé wọ́n fẹ́ra, wọ́n sì bí ìbejì. Àmọ́ ìwé ń gùn mí.

Bọ̀dá Ràṣídì ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Háà! Èmi gan-an nìyẹn! Sìdí tó ń ta gààrí ní Màsífà! Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀, gààrí ni mo máa ń rà. Tíṣà, gààrí kún ilé mi dé àjà, mi ò sì fẹ́ràn gààrí!" Ó ti gun ọ̀kadà rẹ̀, ó dorí kọ Màsífà kí n tó dìde. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sí mi. "Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn o!"

Aṣọ mi wà lórí tábìlì, apá lọ́tọ̀, ọrùn lọ́tọ̀, ṣòkòtò ò tíì di ṣòkòtò. Mo pe fóònù rẹ̀ títí, kò lọ. Ilẹ̀ mọ́, kò dé. Ni mo bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo wo àwọn aṣọ tó wà lára ìṣó, mo mú èyí tó wù mí jù, búlúù tí wọ́n kó ìràwọ̀ wúrà sí láyà. Mo ní màá dá a padà kí ẹni tó ni ín tó mọ̀. Ó fẹ̀ jù mí lọ, ṣùgbọ́n mo gbà pé ẹ̀bi ara mi tó rù ni. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Ní ilé àna, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àlàájì jáde nínú jàlàbíà tó ti ṣá, inú ń bí i. "Ẹ má wo ohun tí mo wọ̀ o. Télọ̀ ló dójú tì mí. Aṣọ búlúù tí mo gbé ti Àbíjàn bọ̀, tó ní ìràwọ̀ wúrà láyà, ó ní kí n wá gbà á láàárọ̀ yìí. Mo débẹ̀, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa!"

Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ń gún mi nítan. Ẹ̀yìn aṣọ náà ò ní wàhálà, búlúù pọ̀ láyé. Àyà ni ọ̀ràn wà.

"Dìde, ọmọ mi," Àlàájì ní.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣì wà nílẹ̀ díẹ̀, sà."

"Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ rèé!" Àwọn ìyá ìyàwó ń kan sáárá sí mi. Mo túbọ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀. Àbúrò bàbá mi, tó bá mi wá, rò pé ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Ó fà mí dìde.

Ìràwọ̀ wúrà hàn láyà mi. "Ça alors!" ni Àlàájì wí, Faransé tó máa ń sọ tí nǹkan bá ti kọjá Yorùbá. Mo wolẹ̀ títí, ilẹ̀ ò lanu. Ni mo bá ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, télọ̀, gààrí, Rọ́ṣíà.

Àlàájì gbọ́ ọ dé òpin. "Ọkùnrin inú ìtàn yẹn, ṣé ó padà sọ̀rọ̀?"

"Rárá, sà."

"Ìwọ ńkọ́? Látìgbà tí ẹ ti ń wá síbí, àwọn ẹbí rẹ ló ń sọ̀rọ̀. Mi ò tíì gbọ́ ohùn ìwọ fúnra rẹ."

Gbogbo gírámà mi fò lọ. "Mọríámọ̀ ni mo fẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó lọ ilé ẹlòmíràn." Mọríámọ̀ bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn kọ́tìnnì.

"Ó dáa," Àlàájì ní. "Mo ti gbọ́. Bọ́ aṣọ mi."

Fọ́tò ọjọ́ náà wà ní pálọ̀ wa títí dòní. Àna mi ń dán nínú búlúù, èmi sì wà nínú jàlàbíà ṣíṣá bí ẹni tó wá gba sàárà. Sìdí gbà fún Bọ̀dá Ràṣídì. Ó ní òun ti rò pé ṣe ló ń tún gààrí òun tà. Aṣọ tèmi ńkọ́? Ó ṣì wà lórí tábìlì nígbà tí a bí àkọ́bí wa. Bọ̀dá Ràṣídì á ní, "Ẹ padà wá lọ́la, Tíṣà, kí ẹ tún wá fi ìtàn kan dá mi lára yá."

Mo ti kọ́gbọ́n. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ télọ̀, kó pa ìtàn ìfẹ́ mọ́ra títí dé bọ́tìnnì tó gbẹ̀yìn. Iye tí wọ́n ń ta epo bẹntiróòlù nìkan ni mo ń sọ níbẹ̀ báyìí. Tí mo bá délé tí mo rí fọ́tò yẹn, màá rẹ́rìn-ín. Kí ni ǹ bá tún ṣe?