Ohùn London Tó Pẹ́ Dé

Wọn ò tíì gbá ààfin Baálẹ̀ ní Ìlódè tán lánàá tí ẹjọ́ kan fi wọlé. Nọ́ọ̀sì Mojíre, àgbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, ló ṣíwájú. Ọlátúnbọ̀sún tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní àdúgbò Mayfair nílùú wa ń tẹ̀ lé e, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tára rẹ̀ ò yá. Àwọn ìjòyè ti jókòó. Baálẹ̀ ní kí olùpẹ̀jọ́ máa wí.

"Bàbá, ẹ gbà mí," ni Nọ́ọ̀sì wí lórí ìkúnlẹ̀. "Ọkùnrin yìí gba ipò alága ẹgbẹ́ àdúgbò wa lọ́wọ́ mi, ó gbé e fún Àlàájì Abdulsalam."

"Ọ̀nà wo ló gbà gbé e?"

"Inú kọ̀ǹpútà ni, Bàbá."

Ìjòyè kan na ọrùn wo inú kọ̀ǹpútà náà. Kò rí nǹkan kan.

"Ṣàlàyé," ni Baálẹ̀ wí.

"Èmi àti Àlàájì la jọ du ipò. Nílé níbí, ìbò dọ́gba, mẹ́rìnlá sí mẹ́rìnlá. Ó wá ku àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó wà ní London. Ọlátúnbọ̀sún ní ká má wulẹ̀ lo tẹlifóònù. Ó ní íńtánẹ́ẹ̀tì lòun fi ń pe ìlú òyìnbó fún àwọn ẹgbẹ́ àti ilé-iṣẹ́, pé ohùn wa á ti dé ọ̀hún ká tó pa ẹnu dé. A pè wọ́n. Wọ́n ní Àlàájì làwọn fẹ́. Bàbá, èmi ni mo gbẹ̀bí ìdajì àwọn tó wà ní London yẹn. Wọn ò lè sọ bẹ́ẹ̀."

"Bóyá wọ́n ṣì rántí bí o ṣe na ìdí wọn lọ́jọ́ tí wọ́n dáyé," ni ìjòyè kan wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, Sátidé yìí ni ìbúra. Ilé ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ sọ di ilé ìgbẹ̀bí, Àlàájì ti ń kó pákó sínú rẹ̀. Níbo ni kí àwọn aboyún dùbúlẹ̀ sí?"

Àlàájì Abdulsalam, tó ń ta pákó, dìde lẹ́yìn. "Pákó tó gbẹ ni, Bàbá. Kò ní kòkòrò."

"Ẹ jókòó, Àlàájì, kò tíì kàn yín."

"Kí ló dé tí ẹ ò tún London pè?" ni ìjòyè mìíràn béèrè.

"Ẹ̀rọ ti já láti ọjọ́ náà, tẹlifóònù náà ò lọ, sà," ni Ọlátúnbọ̀sún dáhùn. "Lẹ́tà ò sì lè dé ọ̀hún kí Sátidé tó pé."

"Ó dáa, ìwọ fúnra rẹ, kí lo rí sọ?"

Ọlátúnbọ̀sún dọ̀bálẹ̀, ó dìde. "Bàbá, mi ò gba ipò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìkíni ló dí ọ̀nà."

"Kí ló wí?"

"Ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì tóóró ni, Bàbá. Ohùn á gba America kọjá kó tó dé London. Bàbá Adéagbo tó jẹ́ alága àtijọ́ ló bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n kí wọn kú òtútù, wọ́n kí wọn kú àìríra, wọ́n kí wọn kú iṣẹ́, kú ọmọ, kú ilé onílé. Mo kà á, ó jẹ́ mọ́kàndínlógún. Gbogbo ìkíni yẹn tò sójú ọ̀nà kan ṣoṣo. Ìbò wá ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ti rẹ̀ ẹ́."

Ariwo sọ láàfin.

"Ká má kí àwọn ọmọ wa mọ́, àbí?" ni ìjòyè kan wí.

"Òyìnbó kì í kí tó bẹ́ẹ̀, sà. Hẹ́lò kan, ó tán."

"Abájọ tí òtútù fi ń mú wọn."

Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. Ó ní kí Bàbá Adéagbo jáde wá jẹ́rìí. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni, ọ̀pá ló fi ń rìn.

"Bàbá Adéagbo, ṣé ẹ gbọ́ ohùn London?"

"Ketekete. Bí ẹni pé wọ́n wà ní yàrá kejì."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"N ò rántí ìdajì rẹ̀. Ohun tí mo rántí ni pé ìwà wọn ti bàjẹ́. Mo sọ fún wọn pé Màmá Sẹ̀kínát, ẹ̀gbọ́n mi, ti papò dà. Ẹ̀rín ni wọ́n rín. Wọ́n rín títí kọ̀ǹpútà fi ń gbọ̀n."

"Èmi ò gbọ́ ẹ̀rín kankan o," ni Àlàájì wí. "Orúkọ mi nìkan ni mo gbọ́. Wọ́n ní, 'Abdulsalam, Abdulsalam,' lẹ́ẹ̀mejì."

"Níbo lẹ jókòó sí, Àlàájì?"

"Ìta ni mo wà, Bàbá. Mo ń júwe ibi tí wọ́n máa to pákó sí."

Baálẹ̀ yíjú sí àwọn tó kù. Ó wá béèrè bóyá ẹnì kan kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sílẹ̀. Tíṣà Ọlátẹ́jú, akọ̀wé ẹgbẹ́, dìde pẹ̀lú ìwé rẹ̀.

"Mo kọ ọ́, Bàbá. Kò yé mi, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ bó ṣe jáde."

"Kà á."

Tíṣà wọ awò ojú. "Lẹ́yìn ìkíni, Bàbá Adéagbo béèrè pé, 'Ṣé ẹ ti jẹun?' London dákẹ́. Bàbá ní, 'Ṣé ìyàwó Olúṣọlá ti bímọ?' London ní, 'A ti jẹun, a dúpẹ́.' Bàbá ní, 'Kí ló bí?' London ní, 'Ó ti bímọ.' Bàbá ní, 'Ta ló ń wúkọ́ níbẹ̀ yẹn?' London ní, 'Ọkùnrin ni, ó sanra.' Bàbá sọ ìtàn ewúrẹ́ tó jẹ ìwé ìdánwò. London ní, 'Olúṣọlá ni, òtútù ló mú un.' Bàbá túfọ̀ Màmá Sẹ̀kínát. London rẹ́rìn-ín gan-an. Bàbá ní, 'Ṣé ẹ ń gbọ́ wa?' London ní, 'Áà, ó mà ṣe o.' Bàbá ní, 'Ṣé Abdulsalam lẹ fẹ́?' London ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, dáadáa.' Bàbá ní, 'Àbí Nọ́ọ̀sì Mojíre?' London ní, 'Rárá o.' Bàbá ní, 'Ṣé ẹ fohùn ṣọ̀kan?' London ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, òun la fẹ́.' Ẹ̀rọ já."

Àlàájì dìde nàró. "Ẹ ti gbọ́ ọ, Bàbá."

Baálẹ̀ nawọ́ sí ìwé náà. "Tíṣà, ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ dà?"

"Wọ́n dákẹ́ ni, Bàbá."

"Wọn ò dákẹ́. Ohùn wọn wà lọ́nà. Gbé ìdáhùn kọ̀ọ̀kan lọ sókè ní ìlà kan, kó bá ìbéèrè tó ṣáájú rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìtàn ewúrẹ́."

Tíṣà fi ìka tọ ìlà. "Ìtàn ewúrẹ́: wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an. Ikú Màmá Sẹ̀kínát: 'Áà, ó mà ṣe o.' Ṣé ẹ ń gbọ́ wa: 'Bẹ́ẹ̀ ni, dáadáa.' Ṣé Abdulsalam lẹ fẹ́..." Tíṣà yọ awò, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "'Rárá o.' Àbí Nọ́ọ̀sì Mojíre: 'Bẹ́ẹ̀ ni, òun la fẹ́.'"

Àlàájì rọra jókòó. Nọ́ọ̀sì Mojíre fi etí gèlè nu ojú.

"Ọlátúnbọ̀sún," ni Baálẹ̀ wí, "ṣé o mọ̀ pé ohùn ń pẹ́ kó tó dé?"

"Mo mọ̀, Bàbá. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí mò ń bá pe òkè òkun, mo máa ń ní kí wọ́n dákẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ka ení, èjì, dé ẹẹ́wàá."

"Kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá Adéagbo?"

Ọlátúnbọ̀sún wolẹ̀. "Bàbá, ta lèmi tí màá sọ fún ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin pé kí wọ́n pa ẹnu mọ́?"

Àwọn ìjòyè yíjú sí Bàbá Adéagbo. 

"Ǹ bá gbá a létí," ni Bàbá Adéagbo jẹ́wọ́. "London dákẹ́, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu wọn ni, mo bá ń bá wọn wá òmíràn."

Baálẹ̀ bá àwọn ìjòyè sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó wá dájọ́.

"Nọ́ọ̀sì Mojíre ni alága. Àlàájì, ẹ kó pákó yín kúrò nílé ẹgbẹ́ lónìí. Láti ìsinsìnyí lọ, àgbàlagbà tó bá bá òkè òkun sọ̀rọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, bó bá ti béèrè ọ̀rọ̀ kan, kó bu omi sẹ́nu. Kò gbọdọ̀ gbé e mì títí èsì á fi dé."

"Omi tútù àbí lílọ́wọ́ọ́wọ́?" ni Bàbá Adéagbo béèrè.

"Èyí tó bá wù yín. Ìwọ Ọlátúnbọ̀sún, o mọ̀, o ò sì sọ. Fún ọjọ́ méje, bí kọ̀ǹpútà rẹ ṣe ń dáhùn ni ìwọ náà á máa dáhùn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ ní ìbéèrè, wàá dákẹ́. Ìgbà tó bá béèrè òmíràn ni wàá tó dáhùn ti àkọ́kọ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé o gba ìdájọ́ yìí tọkàntọkàn?"

Ọlátúnbọ̀sún la ẹnu, ó rántí, ó pa á dé.

"Àbí ká fi ọjọ́ méje mìíràn kún un?"

Òógùn bo iwájú orí Ọlátúnbọ̀sún. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ló wí. "Tọkàntọkàn."

"Tíṣà, kọ ọ́ sílẹ̀," ni Baálẹ̀ wí. "Ọjọ́ mẹ́rìnlá."