Orógùn Tó Wọ Abẹ́ Ọkọ̀

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá. Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́, kó gbé àwo rẹ̀ bọ̀.

Ẹjọ́ kan dé ààfin Baálẹ̀ lánàá. Kùdírátù ará Adigbe ló pe Mùsílíù ọkọ rẹ̀ lẹ́jọ́. Ó kúnlẹ̀, ó gbé igi kan tó dúdú, tó ń rùn fún ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, síwájú Baálẹ̀.

"Kí nìyí?"

"Orógùn mi ni, Bàbá. Ìyá mi ló fi lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo ń relé ọkọ. Ọkọ mi ló fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹnu orógùn náà tín-ín-rín, tó tì í bọ inú mọ́tò. Láti ìgbà náà, ìdí ṣíbí ni mo fi ń ro láfún. Kókó la ń gbé mì nílé."

"Mùsílíù, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, àmọ́ ẹ wo ọkọ̀ náà lẹ́nu ọ̀nà ná. Onílẹ̀kùn méjì, ọkọ̀ eré. Òyìnbó kan ní Ewékorò ló tà á fún mi nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì dé ẹsẹ̀ ọkọ̀, ló jẹ tán. Nígbà náà, tí ẹ bá ṣíná rẹ̀, á bú bí kìnnìún, kò ní kúrò lójú kan."

"Ṣé mẹkáníìkì tán ní Kuto ni?"

"Ṣé kí n wá jẹ́ kí ẹni ẹlẹ́ni tú Àbẹ̀kẹ́?"

"Ta ni Àbẹ̀kẹ́?"

Kùdírátù ló dáhùn. "Mọ́tò náà ni, Bàbá. Mọ́tò ló ní oríkì. Èmi, 'ẹni inú ilé yìí' lorúkọ tèmi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dùn ún ju orógùn lọ, ṣùgbọ́n orógùn ló ṣeé gbé wá sí ààfin.

Mùsílíù ń bá tirẹ̀ lọ. "Èmi fúnra mi ni mo sọ àpótí gíà kalẹ̀ lágbàlá. Páànù kílọ́ọ̀ṣì tuntun gbọ́dọ̀ dúró láàárín gbùngbùn kí n tó dè é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àpótí gíà ò ní wọlé padà. Igi róbótó ló lè dì í mú. Mo gbìyànjú ẹ̀ka mángòrò, kò bá a mu. Mo bojú wo ilé ìdáná, Ọlọ́run fi orógùn hàn mí."

"Ọlọ́run ni, àbí ojúkòkòrò?"

"Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló gbé e fún mi, Bàbá. Jùbrílù rí i."

Jùbrílù ọ̀rẹ́ rẹ̀ dìde. "Mo wà lábẹ́ ọkọ̀, àpótí gíà wà lórí àyà mi. Mo rí ìyàwó tó gbé orógùn wá."

"Ìyàwó tó ti lọ ọjà Kuto láti àárọ̀?" Beatrice, aládùúgbò wọn, ló já a gbà.

"Ẹsẹ̀ nìkan ni mo rí."

"Bàtà ta ló wà lẹ́sẹ̀ náà?"

Jùbrílù họrí. "Bàtà Mùsílíù."

Ẹ̀rín gba ààfin kan. Kùdírátù náà rẹ́rìn-ín, ló bá dá orin:

Orógùn ìyá mi relé mọ́tò, kò bọ̀,
Ẹ bá mi pè é o.
Láfún ń sunkún lórí iná,
Ẹ bá mi pè é o.

Gbogbo ìgbìmọ̀ ń gbè é. Mùsílíù náà ń gbè, kò tiẹ̀ mọ̀.

Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. "Ọkọ̀ náà ńkọ́, ṣé ó ń rìn báyìí?"

"Ó ń fò, Bàbá."

"Ó dára. Ohun tí orógùn bá ti wọ inú rẹ̀, ìkòkò ni. Ọkọ̀ náà ti di ìkòkò. Ta ló ni ìkòkò nínú ilé?"

"Obìnrin ni," Beatrice dáhùn kíákíá.

"Mùsílíù, kó kọ́kọ́rọ́ fún ìyàwó rẹ. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ jáde, wàá tọrọ ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀, wàá sì fi oríkì ìyàwó rẹ pè é kó tó fún ọ. Ní báyìí, gbẹ́ orógùn mìíràn, kí o fi ro láfún fún gbogbo wa."

Mùsílíù gbẹ́ ẹ, ó ro láfún, òógùn bò ó. A wá kókó títí nínú láfún náà, a ò rí. A jẹ ẹ́ tán, ó wá dọ̀bálẹ̀ síwájú ìyàwó rẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Àjọkẹ́ mi, jọ̀wọ́, yá mi ní ìkòkò rẹ, kí n fi gbé ọ relé."

Kùdírátù ju kọ́kọ́rọ́ sí i. Ọkọ̀ bú, ó gun òkè Adigbe lọ fìn-ìn. Àwa yòókù fi ẹsẹ̀ rìn, ikùn wa yó, ẹjọ́ náà sì tán.