Fìlà Tí Baálẹ̀ Ìdí-Ìyeyè Dé

Ṣé ẹ mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà máa sọ pé a kì í tijú orí tí a fẹ́ hun fìlà fún? Ìyá Sìnábù elépo ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, obìnrin náà kì í sì í purọ́, àyàfi tó bá kan ọ̀rọ̀ epo.

Àwẹ̀ró ń hun fìlà lábẹ́ igi ní Ìdí-Ìyeyè. Òjò ń pa á, oòrùn ń pa á. Ìsọ̀ Baálẹ̀ tó ṣófo lẹ́nu ọ̀nà ọjà ló ń wù ú. Nígbà tí Ọba fẹ́ wá kí Baálẹ̀, Baálẹ̀ ní kí Àwẹ̀ró hun fìlà aláràbarà fún òun. Bó bá yẹ òun, kó kẹ́rù sínú ìsọ̀.

Àmọ́ Baálẹ̀ kì í ṣí fìlà lójú èèyàn. Ta ni yóò ní kó ṣí i? Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó fi okùn wọn orí tòun ti fìlà. Kò mọ̀ pé fìlà òtútù wà lábẹ́ ìyẹn, kò mọ̀ pé ìdì aṣáárà tún wà lábẹ́ fìlà òtútù.

Ó fi òwú búlúù hun òkè, yẹ́lò àárín, pupa etí. Ojú híhun kan rí wẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrẹsì, òmíràn rí bí afárá oyin. Ọba ti ń wọ̀lú kó tó parí, kò ráyè ta kókó sí ìdí òwú.

Baálẹ̀ wọ yàrá, ó bọ́ gbogbo ẹrù orí, ó dé tuntun. Fìlà bo ojú, ó bo imú, ó jókòó léjìká. Àwọn ìjòyè wo ara wọn. Olórí wọn ní, “Ó yẹ yín, Bàbá.”

Baálẹ̀ bá táràrà jáde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún odó kan tó wà lójúde. Ẹ̀yìn Baálẹ̀ gan-an ni Ọba dúró sí. Ọwọ́ Baálẹ̀ kan ìdí odó, ó ní, “Kábíyèsí, ẹ mà ti sanra sí i.” Odó ò fèsì.

Òbúkọ kan ló ṣàánú ìlú. Ó gbé ìdí òwú hán, ó ń lọ. Pupa tú, àgbọ̀n yọ. Yẹ́lò tú, ẹnu yọ, ó ṣì ń kí odó. Búlúù tú, ojú yọ. Baálẹ̀ wo odó, odó wo Baálẹ̀. Orí tó kù níta ò ju awùsá lọ.

Ọba béèrè ẹni tó ṣiṣẹ́ náà. Àwẹ̀ró rí i pé ìsọ̀ ti fẹ́ bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ìtìjú bá tán lójú rẹ̀. “Èmi ni, Kábíyèsí. Àmọ́ orí Baálẹ̀ kọ́ ni mo wọ̀n, ẹrù orí wọn ni.”

Ọba rẹ́rìn-ín títí, ó fọwọ́ di adé mú.

Ní ọjọ́ kejì, Baálẹ̀ nìkan wá sábẹ́ igi, ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba. “Wọ̀n ọ́n bó ṣe rí.” Àwẹ̀ró di orí náà mú bí ìbẹ́pẹ tó fẹ́ rà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò.

Baálẹ̀ ní kó kẹ́rù sínú ìsọ̀, ibẹ̀ ló sì ti hun fìlà kejì. Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá gbọ́ pé a kì í tijú orí tí a fẹ́ hun fìlà fún, ẹ rántí ẹni tó kí odó.