Ta Ló Ni Ọ̀rọ̀ Àkọ́kọ́ Ọmọ Yìí?

Ní ọjọ́ kejì oṣù keje, aránṣọ kan kú. Ẹjọ́ tó tìdí ikú rẹ̀ yọ dé ààfin lánàá, ọkọ rẹ̀ ló sì gbé e wá. Bàbá náà lọ ẹ̀wù rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó dúró ṣánṣán níwájú Baálẹ̀ àti ìgbìmọ̀, ó nàka sí ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Ìyàwó wa yìí ni mo pè lẹ́jọ́. Ó yọ ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu ọmọ ọmọ mi, ó fi òmíràn sí i."

Gbogbo ìgbìmọ̀ wo ẹnu ọmọ náà lórí itan ìyá rẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́rìnlá ni. Eyín mẹ́rin ló wà níbẹ̀.

"Ẹ là á yé wa, Bàbá."

"Akọ̀wé ni. Kò sí lábẹ́ ọ̀gá kankan. Inú yàrá ló ti ń kọ̀wé fún àwọn ìwé ìròyìn: bí ara ṣe ń le, bí a ṣe ń kàwé fún ọmọ ọwọ́, bí ọmọ ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Bó bá ti jókòó tì í, ìyàwó mi tó kú yìí ló máa ń gbọ́mọ. Á gbé e lé itan, á máa kàwé fún un."

"Ìwé wo?"

"Ìwé tó bá ẹ̀rọ ìránṣọ wá. Òun ló wà nítòsí."

Ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

"Ní ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn tí a sin ín, mo ní kí n nu ẹ̀rọ yẹn. Mo yí i díẹ̀, ó dún kíìn. Ọmọ yìí wò ó, ó ní, 'Òróró.' Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ láyé nìyẹn. Ìyàwó mi ló kọ́ ọ. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde."

Ó ṣí ìwé ìròyìn kan tí àpilẹ̀kọ ìyàwó ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó kà á ketekete: "'Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ mi sọ ni Àlàáfíà, nítorí pé a máa ń jókòó jẹ́ẹ́ pa pọ̀ láràárọ̀, a ó mí sínú, a ó mí síta.'"

"Àlàáfíà?" ni ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ kígbe. "Pẹ̀lú eyín mẹ́rin?"

"Akọ̀wé, kí lo rí sọ?"

"Baálẹ̀, n kò purọ́. Mo kàn ṣíwájú ọmọ ni. Olóòtú ní ọjọ́ Jímọ̀ lòun fẹ́ gba àpilẹ̀kọ náà, ọmọ ò sì tíì sọ nǹkan kan. Mo rọ̀ ọ́, mo bẹ̀ ẹ́, ó ń wò mí. Èmi ò pẹ́ o. Òun ló pẹ́."

"O wá bá a sọ ọ́ sílẹ̀ dè é?"

"Mo yan èyí tó dára fún un. Ìyá wo ló fẹ́ kí òróró ẹ̀rọ jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ọmọ òun?"

"Ìyá tó bá mọ ẹni tó ń bá a gbọ́mọ," ni Bàbá dáhùn.

Wọ́n pe ọkọ akọ̀wé jáde.

"Èmi wà níbẹ̀. 'Bàbá' ni ọmọ sọ. Èmi ló ń pè."

"Níbo lo wà gan-an?"

"Ibi iṣẹ́."

"O wà níbi iṣẹ́, o tún wà níbẹ̀?"

"Ọkàn mi wà nílé, Baálẹ̀."

Wọ́n pe aládùúgbò wọn, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì.

"Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gbẹ̀bí. Ọmọ yẹn ò sọ nǹkan kan. Ó sín ni. Mo gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé mi."

"Kí lẹ gbọ́?"

"Òróró."

"Ẹ gbọ́ òróró, ẹ ní ó sín?"

"Bí àwọn mìíràn ṣe ń sín nìyẹn, Baálẹ̀."

Akọ̀wé bá gbé ọmọ kalẹ̀ láàárín gbọ̀ngàn. "Kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ọmọ mi, sọ Àlàáfíà. Mí sínú..."

Gbogbo ìgbìmọ̀ mí sínú. Baálẹ̀ náà fẹ̀yìn ti àga rẹ̀ kó lè mí dáadáa, ni àga bá ké kíìn. Ọmọ nàka sí abẹ́ Baálẹ̀.

"Òróróo."

Kò sẹ́ni tó rántí láti mí síta. Bàbá kọjú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Baálẹ̀ dìde lórí àga náà tìṣọ́ra tìṣọ́ra.

"Ẹjọ́ parí. Ìwọ ọkọ akọ̀wé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè ọ́ ní Bàbá fún oṣù mẹ́ta. Òróró ni wàá máa jẹ́. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé lẹ ó máa wá sín níwájú ìgbìmọ̀, títí a ó fi mọ ìyàtọ̀. Akọ̀wé, wàá kọ òótọ́ ránṣẹ́ sí olóòtú rẹ, wàá sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé aránṣọ ló kọ́ ọmọ rẹ. Láti òní lọ, àpilẹ̀kọ kankan ò ní kúrò nílé láìjẹ́ pé o kà á fún ọmọ yìí tán. Bó bá sùn sí i, tún un kọ."

"Baálẹ̀, kò sí èyí tí kì í sùn sí!"

"O ti rí olóòtú gidi nìyẹn. Mú kálàmù rẹ. A ò tíì kọ ohun tí olóògbé fi sílẹ̀."

"A ti ka ẹrù inú àpótí rẹ̀," ni Bàbá wí.

"N kò sọ ti àpótí. Ti ẹnu ọmọ ni mo ń sọ. Ẹ máa pè é fún un, Bàbá."

Bàbá ń pè é lọ́kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé ń kọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ò sì yá mọ́.

Òróró.

Òwú.

Rọra.

Ó já.

Tún un ṣe.

Ọ̀kan tí kò tíì yé ẹnikẹ́ni, tí ọmọ máa ń sọ láàárọ̀, tí ojú rẹ̀ á wà lẹ́nu ọ̀nà.