Mítà Tí Mo Fẹ́ Fi Já Mùtíù Nírọ́

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi sin mí: ọjọ́ tí a ṣe ìrántí ogójì ọjọ́ Àdùnní, ìyàwó mi. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú ṣì ń bí mi.

Àdùnní ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré kan, oníbátìrì, tó fi máa ń wàásù kiri Agbowó láàárọ̀. Òun ni mo fẹ́ fi dá orin tó fẹ́ràn jù lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n tí mo bá tàn án, kì í pẹ́ tó fi ń dákẹ́. Mo gbé e lọ bá Mùtíù tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa. Ó wò ó títí, ó ní, "Bàbá, bátìrì yìí ti kú. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀."

Bátìrì tí Àdùnní fọwọ́ ara ẹ̀ rà! "Ṣé gbogbo nǹkan tèmi ló gbọ́dọ̀ kú lọ́dún yìí ni?" Mo gbé ẹrù mi, mo bínú lọ.

Dùgbẹ̀ ni mo ti ra mítà kékeré kan tó ń fi nọ́ńbà pupa sọ bí iná bátìrì ṣe pọ̀ tó. Màá já Mùtíù nírọ́! Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n mo mọ wáyà pupa, mo mọ dúdú. Mo tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Wáyà méjì tó wá láti ojú ibi tí wọ́n ń ki ṣájà bọ̀ ló sún mọ́ mi jù, ibẹ̀ ni mo so mítà mọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, pupa fara kan dúdú, fíùsì jó, irùngbọ̀n mi náà jó díẹ̀. Mo ra fíùsì mìíràn. Lẹ́ẹ̀kejì, mo fi tépù de àtàǹpàkò mi mọ́ wáyà. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ki ṣájà bọ̀ ọ́, mítà tàn: mẹ́rìnlá, iná kún bátìrì!

Mo pe Ìyá Rónkẹ́, aládùúgbò mi. "Ẹ wá wo òkú tó jí!"

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹnjiníà."

Tí mo bá ti yọ ṣájà, mítà á kú. Mo ní ó ń sinmi ni. Ṣé èmi náà kì í sinmi?

Lọ́jọ́ ìrántí, àwọn ará ìjọ wọ aṣọ funfun, wọ́n kún ojúde wa. Jẹnẹrétọ̀ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mùtíù náà wá. Mo dá orin, ẹ̀rọ dákẹ́. Mò ń la ẹnu bí ẹja inú odò Ẹlẹ́yẹlé, ẹnì kankan ò gbọ́ mi. Inú bí mi, mo kọjú sí Mùtíù: "O pààrọ̀ bátìrì Àdùnní lọ́jọ́ tí mo gbé e wá! Olè!"

Àṣé bátìrì ti sinmi díẹ̀. "Olè" yẹn ni ẹ̀rọ gbé! Orin ò dé ẹnu ọ̀nà, èébú dé títì. Ọlọ́kadà kan tẹ bíréèkì lójijì. Ẹ̀rọ sì tún kú.

Mùtíù ò bú mi padà. Ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ níwájú gbogbo èèyàn. "Bàbá, iná tó ń ti ṣájà wọlé lẹ̀ ń wò látọjọ́ yìí. Ẹ ò wo èyí tó kù nínú bátìrì rárá."

Mo jókòó. Nígbà tí Àdùnní dùbúlẹ̀ àìsàn, ṣíbí ẹ̀kọ tí mò ń fi sí i lẹ́nu ni mò ń kà, mò ń sọ fún Ìyá Rónkẹ́ pé ara ẹ̀ ti ń yá.

Mo gbé máìkì láti tọrọ àforíjì, ẹ̀rọ kọ̀. Mo fẹnu lásán kígbe: "Mùtíù, má bínú!"

Ìyá Rónkẹ́ dáhùn látẹ̀yìn, "A ò gbọ́ o, Bàbá! Èébú yẹn la gbọ́ dáadáa!"

Láti ọjọ́ náà, tí ẹni tó mọṣẹ́ bá ní nǹkan ti kú, mo máa ń jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Mùtíù ti fi bátìrì tuntun sí i, òun náà ló so mítà. Inú ṣì ń bí mi, sí ara mi ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá rántí ọlọ́kadà yẹn, tó nawọ́ méjèèjì sókè láàárín títì, tó ń ké pé, "Bàbá, èmi kọ́ o!", ẹ̀rín a máa pa mí.