Àna Méjì, Agbọ̀n Òfìfo

Odò Agbado ní Savalou rèé, nígbà ìjọba ìyípadà, tí gbogbo ènìyàn ṣì ń pe ara wọn ní kámárádì. Èrò, olórin àti kọ̀mítéè ìjọba kún orí afárá lókè. Nísàlẹ̀, lábẹ́ igi, ni àwọn méjì tí wọ́n ń du ife ẹja pípa wà. Grégoire, akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò sí ohun tí kò mọ̀, ló ń pẹja fún Savalou. Ògúndèjì, àgbẹ̀ oníṣu láti Koko, tó fẹ́ Adèle ọmọ Grégoire, ló ń pẹja fún Bantè. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ní kí àna máa bá àna du ife, ẹ má bi mí, ẹ bi kọ̀mítéè.

(Fèrè ìbẹ̀rẹ̀ dún. Grégoire ti jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ògúndèjì sáré dé, agbọ̀n lọ́wọ́ kan, ọ̀pá ìwọ̀ lọ́wọ́ kejì, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀.)

ÒGÚNDÈJÌ: Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú etí odò.

GRÉGOIRE: Dìde! Fèrè ti dún. Ṣé ẹrẹ̀ lo fẹ́ pa ni, àbí ẹja?

ÒGÚNDÈJÌ: Àna mi ni yín, Bàbá.

GRÉGOIRE: Lọ́dún tó kọjá, orí pèpéle lo wà tí wọ́n gbé ife lé ọ lọ́wọ́. O bẹ́ sílẹ̀, o dọ̀bálẹ̀ fún mi, ife bọ́ lù mí lẹ́sẹ̀. Mo tiro títí di ọdún iṣu!

ÒGÚNDÈJÌ: Ẹ dárí jì mí, Bàbá.

GRÉGOIRE: Ife náà ńkọ́?

ÒGÚNDÈJÌ: Adèle ń fi wọn gaàrí. Ife tiyín, ti ọdún tó ṣáájú ìyẹn, ńkọ́?

GRÉGOIRE: Adìyẹ ń yé sínú rẹ̀.

(Wọ́n ju okùn sómi. Kálukú ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ẹnìkejì.)

ÒGÚNDÈJÌ: Bàbá, mo wa ekòló wá láti ìdí ebè iṣu mi. Wọ́n sanra. Ẹ gbà, kí ẹ fi ṣe ìdẹ.

GRÉGOIRE: (ó gbóòórùn igbá ekòló) Kí lo fi pa wọ́n lára?

ÒGÚNDÈJÌ: Iyẹ̀pẹ̀ ni, Bàbá.

GRÉGOIRE: Apẹja kì í fún apẹja ní ekòló lọ́jọ́ ìdíje. Mo mọ ọgbọ́n yìí. Ó wà nínú ìwé.

ÒGÚNDÈJÌ: Ekòló wà nínú ìwé?

GRÉGOIRE: Kí ni kò sí nínú ìwé? Ó dáa, ìwọ dìde, wá jókòó síbi tèmi. Abẹ́ òjìji ni, ibẹ̀ lẹja ń kóra jọ sí.

ÒGÚNDÈJÌ: Kí n jókòó sórí àpótí àna mi? Kí ni Adèle máa sọ?

GRÉGOIRE: Mo ní kí o jókòó!

ÒGÚNDÈJÌ: Ẹ̀yin ni kí ẹ jókòó, Bàbá!

GRÉGOIRE: Ìwọ!

ÒGÚNDÈJÌ: Ẹ̀yin!

(Wọ́n jókòó lẹ́ẹ̀kan náà. Àpótí fọ́ mọ́ wọn nídìí.)

ÒGÚNDÈJÌ: Ẹ dárí jì mí, Bàbá. (Ó tún fẹ́ dọ̀bálẹ̀.)

GRÉGOIRE: Fìdí mọ́lẹ̀ jàre! (fún ara rẹ̀) Mo fún un níbi tó dára, ó kọ̀ ọ́. Ó ti mọ ibi tó dára ju èyí lọ. Ẹ wo bí ife ti gba ọmọ yìí lọ́kàn tó!

ÒGÚNDÈJÌ: (fún ara rẹ̀) Ó fi ibi tirẹ̀ lọ̀ mí. Ó ń dán mi wò ni. Ẹ wo bí ife náà ti ń dun bàbá yìí tó!

(Láti orí afárá, apá kan ń pariwo “Savalou! Savalou!”, apá kejì ń dáhùn “Bantè kì í tì!” Okùn méjèèjì wà nínú omi, kò sí èyí tó mì.)

ÒGÚNDÈJÌ: Ẹja ò jẹ o, Bàbá.

GRÉGOIRE: Afẹ́fẹ́ ló fà á. Ẹja tó bá kọjú sí àríwá, ebi kì í pa á.

ÒGÚNDÈJÌ: Ẹja odò yìí ò mọ ibi tí àríwá wà.

GRÉGOIRE: Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ síwájú nìyẹn.

ÒGÚNDÈJÌ: Bàbá, okùn yín ti ń rìn bọ̀ sọ́dọ̀ tèmi.

GRÉGOIRE: Okùn tìrẹ ló ń tọ tèmi lẹ́yìn. Fà á kúrò! Má fà á! Fà á díẹ̀díẹ̀!

ÒGÚNDÈJÌ: Wọ́n ti lọ́ mọ́ra, Bàbá.

GRÉGOIRE: Fi sílẹ̀, èmi ni n ó tú u!

ÒGÚNDÈJÌ: Rárá, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n tú u! Ẹ má wò ó!

GRÉGOIRE: Ìwọ ni kí o má wò ó!

(Wọ́n jọ fà á. Okùn méjèèjì jáde wá nínú omi, wọ́n so kọ́ lójú afẹ́fẹ́. Òkúta kékeré kan wà lẹ́nu ti Ògúndèjì, bọ́tìnì dúdú kan wà lẹ́nu ti Grégoire. Kò sí ìwọ̀ kankan.)

GRÉGOIRE: Ògúndèjì. Ìwọ̀ rẹ dà?

ÒGÚNDÈJÌ: Ẹja... ẹja ló já a lọ, Bàbá.

GRÉGOIRE: Ó já ìwọ̀ lọ, ó wá fi òkúta so ó padà? Ẹja wo ló mọ kókó dì?

ÒGÚNDÈJÌ: Ìwọ̀ tiyín ńkọ́, Bàbá?

GRÉGOIRE: Bọ́tìnì ni wọ́n ń lò báyìí. Ó wà nínú...

ÒGÚNDÈJÌ: Nínú ìwé kọ́. Nínú ṣòkòtò yín ni ó wà. Adèle ló rán bọ́tìnì yẹn mọ́ ọn ní ọdún Kérésì, ojú mi báyìí ló ṣe é.

(Grégoire wo ìbàdí ara rẹ̀. Okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó fi so ṣòkòtò.)

GRÉGOIRE: Ó dáa. Ó ti tán. Mi ò fẹ́ borí.

ÒGÚNDÈJÌ: Bàbá?

GRÉGOIRE: Ìdíje yìí ti sú mi! Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé, mi ò pẹja mọ́, iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Mò ń wọn afẹ́fẹ́. Mò ń wo àwọ̀ omi. Ìyá Adèle ní mò ń pe orúkọ ẹja lójú orun, ó sì bi mí bóyá obìnrin ni.

ÒGÚNDÈJÌ: Bàbá, èmi náà ò fẹ́ borí!

GRÉGOIRE: Ìwọ kẹ̀? Ìwọ tí o ń lọ kọ́ ẹja pípa níkọ̀kọ̀ ní Koko?

ÒGÚNDÈJÌ: Ẹ̀yin ni mo rò pé ẹ ń wá ife. Láti ọjọ́ tí mo ti gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ ò wá sétí odò lọ́jọ́ Ìsinmi mọ́. Mo ní kí n jẹ́ kí ẹ gbà á padà, bóyá ẹ ó tún wá jókòó tì mí.

(Grégoire yọ fìlà, ó nu ojú.)

GRÉGOIRE: Ògúndèjì, ìgbà tí a kì í ka ẹja, ṣé o rántí? Tí a bá ti Mísà dé, a ó fi ẹsẹ̀ sómi, a ó yan iṣu, a ó máa rẹ́rìn-ín. Kọ̀mítéè ló gbọ́ ẹ̀rín wa láti orí afárá. Wọ́n ní irú ayọ̀ báyìí, kò yẹ kó ṣòfò, ó yẹ kó ṣiṣẹ́ fún orílẹ̀-èdè.

ÒGÚNDÈJÌ: Ayọ̀ wá di òṣìṣẹ́ ìjọba.

GRÉGOIRE: Ó sì fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ náà! Nígbà yẹn, o máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. O ní orí mi pá tó bẹ́ẹ̀ tí ẹja fi ń rò pé oòrùn ti yọ.

ÒGÚNDÈJÌ: Ẹ dárí jì mí, Bàbá.

GRÉGOIRE: Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn! Láti ọjọ́ ife, ṣe lo ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wá bá wọn ṣọ̀fọ̀. Dìde, dọ̀bálẹ̀, dárí jì mí. Mi ò wá ife. Ọmọ mi tó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni mò ń wá!

ÒGÚNDÈJÌ: Mo na àna mi níwájú gbogbo ayé, Bàbá. Ẹnu wo ni n ó tún fi ṣẹ̀fẹ̀?

GRÉGOIRE: Ṣe ẹyọ kan péré. Ó yá.

ÒGÚNDÈJÌ: (ó ronú títí) Bàbá... orí yín mọ́ tónítóní.

GRÉGOIRE: Ìyẹn wá ni yẹ̀yẹ́? Oríkì lò ń kì mí yìí! Jẹ́ kí ó máa lọ, yóò padà wá. Gbọ́, ẹni tó bá borí lónìí, Kòtònù ló ń lọ. Ìdíje oṣooṣù àti ìgbáradì rẹ̀ ló kù fún un, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi rẹ̀ ló máa bá a lọ.

ÒGÚNDÈJÌ: Oṣooṣù!

GRÉGOIRE: Nítorí náà, òdo ni kí agbọ̀n rẹ ní, kí tèmi náà ní òdo. (Ó yọ ìwọ̀ kan tó há sínú fìlà rẹ̀.) Kó tó di pé fèrè dún, jẹ́ ká pẹja jẹ́jẹ́ bíi ti àtijọ́. Èyí tó bá jẹ, a ó tú u sílẹ̀.

(Wọ́n so ìwọ̀ kan ṣoṣo náà, wọ́n fi ekòló tó sanra jù sí i, wọ́n jọ di ọ̀pá mú. Okùn ò tíì rọlẹ̀ tán tí ọ̀pá fi tẹ̀.)

GRÉGOIRE: Ó ti gbé e! Ó ti gbé e!

ÒGÚNDÈJÌ: Ẹ fà á, Bàbá!

GRÉGOIRE: Mò ń fà á! Ìwọ náà, fà mí!

(Wọ́n ṣubú sẹ́yìn. Àrọ̀ kan tó tó apá já bọ́ sí Grégoire láyà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn.)

ÒGÚNDÈJÌ: Ẹ wo irùngbọ̀n rẹ̀!

GRÉGOIRE: Ó jọ alága kọ̀mítéè!

(Fèrè ìparí dún. Ẹ̀rín dá.)

GRÉGOIRE: Jù ú sómi! A ti borí! Jù ú sómi!

ÒGÚNDÈJÌ: Bàbá, Adèle ti lọ ata sílẹ̀ o.

GRÉGOIRE: Kòtònù, Ògúndèjì! Oṣooṣù!

ÒGÚNDÈJÌ: Ó ti gbé epo kaná, Bàbá.

(Grégoire wo afárá, ó wo omi, ó wo ẹja.)

GRÉGOIRE: Ṣé ó ní òun máa fi ẹ̀gúsí sí i?

ÒGÚNDÈJÌ: Ẹ̀gúsí tó pọ̀.

GRÉGOIRE: Gbé e pamọ́!

ÒGÚNDÈJÌ: Síbo? Ṣòkòtò tèmi há. Tiyín ló fẹ̀.

GRÉGOIRE: Ṣòkòtò àna rẹ?

ÒGÚNDÈJÌ: Áà, kò ṣeé ṣe! Mi ò lè fọwọ́ kan ṣòkòtò àna mi. Ẹ̀gàn gbáà ni.

GRÉGOIRE: Dọ̀bálẹ̀ fún un ná, kí o tó fi í sí i! Kíá!

(Ògúndèjì dọ̀bálẹ̀ fún ṣòkòtò, ó dìde, ó ti àrọ̀ náà bọ̀ ọ́ láti ìbàdí. Okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ já. Grégoire fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìbàdí mú. Lórí afárá, adájọ́ gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, ó ní kí àwọn kámárádì gbé agbọ̀n wọn sókè. Ògúndèjì gbé méjèèjì, ó dojú wọn délẹ̀. Òfìfo ni. Èrò kùn.)

GRÉGOIRE: Yéè!

ÒGÚNDÈJÌ: Ẹ dúró jẹ́ẹ́, Bàbá, wọ́n ń wò wá.

GRÉGOIRE: Sọ fún ẹja kó dúró jẹ́ẹ́! Ó ti dé orúnkún!

ÒGÚNDÈJÌ: Ẹ jẹ́ kó máa sọ̀ kalẹ̀.

GRÉGOIRE: Kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́! Ó ti yí padà! Ó ń gòkè bọ̀!

ÒGÚNDÈJÌ: Ẹ rẹ́rìn-ín sí wọn!

(Grégoire la eyín. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ju ìdí, ó yí po, ó fò sókè, ó balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan. Àwọn olórin lórí afárá rí i, wọ́n gbá orin tẹ̀lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ògúndèjì náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó, kó má baà dà bíi pé àna òun nìkan lorí rẹ̀ dàrú.)

ÒGÚNDÈJÌ: Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún yín, Bàbá!

GRÉGOIRE: Àrọ̀ yìí ní ẹ̀gún! Yéè, ìyá mi o!

ÒGÚNDÈJÌ: Wọ́n rò pé orin lẹ ń dá!

(Gbohùngbohùn tún dún. Adájọ́ ní Savalou ní òdo, Bantè ní òdo, kò sẹ́ni tó borí, ìdíje ẹja parí síbẹ̀.)

GRÉGOIRE: O gbọ́? Kò sẹ́ni tó borí! A ti bọ́, ọmọ mi! A ti bọ́!

(Ó fẹ́ dì mọ́ Ògúndèjì, ó rántí ṣòkòtò, ó tún gbá a mú. Ṣùgbọ́n adájọ́ kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Ó ní gbogbo kọ̀mítéè ti fi ojú ara wọn rí ijó kámárádì Grégoire, irú rẹ̀ kò sí ní gbogbo ẹkùn yìí, òun ni yóò sì lọ ṣojú wọn níbi ìdíje ijó ní Kòtònù. Ó kígbe ọ̀rọ̀ ìjọba ìyípadà, “Ehuzu!”, ìyẹn ni pé ayé ti yí padà, èrò dá a lóhùn “Dandan!”, wọ́n sì ń jó lọ sílé.)

GRÉGOIRE: (ó jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ẹja nínú ṣòkòtò) Mo gbé o. Ìdíje ijó! Wọ́n tún ti gba ọjọ́ Ìsinmi lọ́wọ́ mi!

(Ògúndèjì wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ìrù àrọ̀ yọ lẹ́nu ṣòkòtò nísàlẹ̀, ó ń jù bí ẹni ń kí ènìyàn. Ògúndèjì ò dọ̀bálẹ̀. Ó jókòó ti àna rẹ̀, ó ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi.)

ÒGÚNDÈJÌ: Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ibí la ó wà lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí a bá ti yọ ẹja kúrò nínú ṣòkòtò yín, ta ló tún máa pè yín ní oníjó?