Ìdọ̀bálẹ̀ Orí Omi

Ẹjọ́ kan já wọ ààfin Baálẹ̀ Ọ̀jẹ̀túndé ní Mushin lánàá, irú ẹjọ́ tí omi ọ̀sà ṣì ń kán lára rẹ̀. Taoheed tó ń rán kánọ́pì ní Sùúrùlérè ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Bàbá ìyàwó rẹ̀, Àlàájì Àmúsà alágbọn, ló pè é. Ó di ọjọ́ kẹsàn-án tí Àlàájì ti gba Aneesah ọmọ rẹ̀ padà sílé, ó ní kò ní fojú kan ọkọ títí ẹjọ́ yóò fi parí. Kò tíì ju oṣù mẹ́fà lọ tí wọ́n ṣègbéyàwó. Àárò ìyàwó rẹ̀ ń sọ Taoheed gan-an, ó ń wò ó lódìkejì yàrá bí ẹni tó ń retí oṣù ìtúnu ààwẹ̀.

Baálẹ̀ ní, "Àlàájì, ẹ rojọ́ yín."

"Baálẹ̀, mo ń bọ̀ láti Àgbádárìgì nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, èmi àti àgbọn mi. Mo rí ọkọ̀ kékeré kan tó fi aṣọ búlúù ta ìgbòkun. Mo ní, àna mi àtọmọ mi kọ́ nìyẹn? Mo gbọ́wọ́ sókè. Ṣé ẹ mọ ohun tọ́mọ yìí ṣe? Ó dojú ọkọ̀ dé, ó kọ ìdí ọkọ̀ sí mi."

"Ìdí ọkọ̀?"

"Ìdí ọkọ̀, tòun ti ewé omi tó lẹ̀ mọ́ ọn. Níṣojú èrò mẹ́rìnlá."

Àwọn ìgbìmọ̀ Baálẹ̀ mi orí. Taoheed mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bọ́ sórí òun.

"Baálẹ̀, mi ò kọ ìdí sí Dádì. Mo kí wọn ni. Àkíjù ló fà á."

"Ṣàlàyé."

"Wéèfù mi ló ní láti ọjọ́ tá a ti ṣègbéyàwó, a ò jáde rí. Mo ra ọkọ̀ kékeré lọ́wọ́ apẹja kan, mo fi aṣọ kánọ́pì rán ìgbòkun sí i. A ní ká rọra gba etí ọ̀sà dé Àgbádárìgì, ká gbatẹ́gùn sára. Bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, Dádì! Ara mi ò gbà á kí n jókòó. Mo jọ̀wọ́ okùn ìgbòkun, mo dọ̀bálẹ̀."

"Nínú ọkọ̀?"

"Gbọọrọ, sà. Ọkọ̀ ò gùn tó mi, orí mi ló kọ́kọ́ wọmi."

Baálẹ̀ yíjú sí Aneesah. "Ìwọ ò sọ̀rọ̀?"

"Mo ní kó juwọ́, sà. Ó ní ṣé ẹgbẹ́ òun ni Dádì ni, kí wọ́n má lọ sọ pé wọn ò kọ́ òun nílé."

"Kí nìwọ wá ṣe?"

Aneesah wolẹ̀. "Mo kúnlẹ̀, sà."

"Ẹ̀gbẹ́ wo?"

"Ẹ̀gbẹ́ kan náà, sà. Ẹ̀gbẹ́ tí Dádì wà."

Wọ́n pe Sylvester, tó wa ọkọ̀ Àlàájì. "Baálẹ̀, wọ́n ń jà ni jàre. I see am with my two eyes, ọkùnrin yẹn fò mọ́ kúlà oúnjẹ."

Saidat tó wà nínú èrò ní irọ́ ni. "Wọ́n ń kírun ni. Ọkùnrin ṣáájú, obìnrin wà lẹ́yìn. Mo tiẹ̀ ní àwọn wọ̀nyí mà bẹ̀rù Ọlọ́run o."

"Ibo ni wọ́n kọjú sí?"

"Àpápà, sà."

Baálẹ̀ mí kanlẹ̀. "Sylvester, nígbà tẹ́ ẹ fà á jáde nínú omi, kí ló sọ?"

"Ó ní, 'Ẹ kú ìrìn, sà.' Omi ń tú jáde lẹ́nu ẹ̀."

"Ẹni tó ń jà ló ń kí èèyàn?"

Àlàájì ní, "Èmi ò gbọ́ ìkíni kankan. Gbulugbulu ni mo gbọ́."

"Ẹ jẹ́ kó kí yín níbí."

"Rárá. Orí omi ló ti tàbùkù mi, orí omi náà ni kó ti tún un ṣe."

"Ká ní ó jókòó, ó juwọ́, ṣé ẹ ẹ́ gbà?"

"Àna tèmi? Kó juwọ́ sí mi? Ọjọ́ náà gan-an ni ǹ bá gba ọmọ mi."

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, Àlàájì yóò wọ ọkọ̀ Taoheed, yóò jókòó láàárín. Bí wọ́n bá dé ibi tó jìn, Taoheed yóò dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, Aneesah yóò kúnlẹ̀. Àlàájì yóò ṣàdúrà fún wọn. Àdúrà náà ò gbọdọ̀ kúrú."

"Nínú ọkọ̀ tó dojú dé yẹn?"

"Òun náà ni. Wọ́n ti fà á jáde."

"Baálẹ̀, mi ò mọ̀wẹ̀."

"Àna yín náà ò mọ̀wẹ̀. Ó sì dọ̀bálẹ̀."

Àlàájì wo Taoheed títí.

"Ṣé lóòótọ́ lo ò mọ̀wẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n rárá, Dádì."

"O wá jọ̀wọ́ okùn nítorí tèmi?"

"Ẹ̀yin lẹ fún mi níyàwó, sà."

Àlàájì ṣí fìlà, ó fi nu ojú. "Baálẹ̀, ìkíni náà ti dé ọ̀dọ̀ mi. Aneesah, tẹ̀lé ọkọ rẹ."

Kí ó tó sọ ọ́ tán, Taoheed ti gbé báàgì ìyàwó rẹ̀ lé èjìká. Inú rẹ̀ dùn dé ibi tí kò rí bàtà rẹ̀ wọ̀.

"Ẹ dúró," ni Baálẹ̀ wí. "Ó ku ẹyọ kan. Láti òní lọ, ẹ̀yin méjèèjì ò ní àgbà kankan lórí omi. Bẹ́ ẹ bá pàdé èmi gan-an níbẹ̀, ẹ ṣe bí ẹni tí ò mọ bàbá mi."